Kóóko Kọ́ Ló Jẹ̀bi

Ọ̀rọ̀ mẹ́ta ló wà nílẹ̀ nígbà tí ẹgbẹ́ onílé àti ayálégbé àdúgbò wa, lẹ́yìn Costain ní Èkó níbí, ṣèpàdé lọ́jọ́ Sátidé kan nínú òjò: owó mẹ́gáàdì, tíránsífọ́mà, àti kóóko tó ń hù láàárín íńtálọ́ọ̀kì. Owó mẹ́gáàdì gba ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Tíránsífọ́mà gba odindi wákàtí kan, kò sì yanjú. Nígbà tó kan kóóko, kò gbà tó ìṣẹ́jú méjì. Alága wa ní, "Kẹ́míkà náà la ó rà, àbí?" Gbogbo ilé ní bẹ́ẹ̀ ni. Èmi nìkan ni mo nawọ́ sókè. Bàbá tó jókòó tì mí rọra fà mí láṣọ. Ó ní, "Jókòó jàre. Ṣé kóóko náà lo fẹ́ gbèjà ni?"

Mo jókòó. Ṣùgbọ́n ìbéèrè bàbá yẹn ò kúrò lọ́kàn mi, mo sì ti rí èsì rẹ̀ báyìí. Bẹ́ẹ̀ ni, bàbá. Kóóko náà ni mo fẹ́ gbèjà.

Ẹ má ṣì mí gbọ́ o. Èmi náà ò fẹ́ kí ojúde mi dàbí Igbó Irúnmọlẹ̀. Ohun tí mò ń bá jà ni ìgbàgbọ́ kan tó ti wọ gbogbo wa lára ní Èkó, pé kóóko tó bá ti hù láàárín òkúta, oògùn ló tọ́ sí i. Àwọn tó gba èyí gbọ́ pín sí ọ̀nà méjì, wọ́n sì máa ń bú ara wọn. Apá kan ní tọ́jà ló dára, torí pé nọ́ńbà NAFDAC, àjọ ìjọba tó ń bójú tó oúnjẹ àti oògùn, wà lára rẹ̀, ó sì ń ṣiṣẹ́ bí idán. Apá kejì ní tọ́jà léwu, kí onílé po tirẹ̀ nílé ló sàn: iyọ̀, fínígà, ọṣẹ ìfọbọ́, tàbí kó gbé kẹ́ẹ̀gì lọ sọ́dọ̀ mẹkáníìkì, kó lọ tọrọ ọ́ìlì dúdú. Tí ẹ bá gbọ́ bí wọ́n ṣe ń ta ko ara wọn, ẹ ó rò pé ọ̀tá ni wọ́n. Ọmọ ìyá kan náà ni wọ́n. Àwọn méjèèjì ló gbà pé omi tó bá ti ṣàn kúrò lójúde àwọn, ó ti di ti ẹlòmíràn.

Àdúgbò tí mò ń wí yìí, orúkọ kọ́lékọ́lé ló ń jẹ́. Richard Costain ló dá ilé-iṣẹ́ ìkọ́lé kan sílẹ̀ ní Liverpool lọ́dún 1865. Nígbà tí àwọn tó jogún iṣẹ́ rẹ̀ wá ń kọ́lé tí wọ́n ń la títì nílẹ̀ wa, orúkọ wọn lẹ̀ mọ́ oríta yìí, kò sì ṣí kúrò mọ́. Títí dòní ni kọ́ńdọ́ ń pariwo "Costain wọlẹ̀ o!" láìmọ̀ pé orúkọ èèyàn lòun ń pè. Tí ẹ bá dúró níbẹ̀, bíríìjì Èkó wà lápá kan. Ọ̀nà tí à ń pè ní Western Avenue kó tó di Funsho Williams Avenue gba Alaka lọ sí Ojúẹlẹ́gbà. Ìgànmú wà lápá kejì, níbi tí ìjọba kọ́ gbọ̀ngàn ńlá nì sí fún FESTAC 1977, èyí tí wọ́n sọ lórúkọ Wọlé Ṣóyínká lọ́dún 2024. Ilẹ̀ ibẹ̀ rẹlẹ̀, àbàtà ni kó tó di ìlú. Láti oṣù Kẹsàn-án ọdún 2023 tí ọkọ̀ ojú irin Blue Line ti bẹ̀rẹ̀ sí í kó èrò, ẹ lè jókòó sínú ọkọ̀ náà kí ẹ máa wolẹ̀ bó ṣe ń sáré lọ sí Marina: òrùlé, kọnkéré, títì, gọ́tà, lẹ́yìn náà ọ̀sà lọ súà. Oko ò sí láàárín wọn. Ohunkóhun tí a bá dà sílẹ̀ lápá ibí, ibi kan náà ló ń forí lé.

Ibẹ̀ sì ni ẹjọ́ mi ti bẹ̀rẹ̀. Glyphosate ni oògùn tó pọ̀ jù nínú èyí tí wọ́n ń tà fún wa. Roundup ni wọ́n fi bẹ̀rẹ̀ sí í tà á lọ́dún 1974. Lọ́jà tiwa, Force Up àti Uproot ló yọ sí ọ̀pọ̀ èèyàn lẹ́nu. Oko ni wọ́n ṣe é fún. Ohun tó jẹ́ kí àwọn tó fọwọ́ sí i gbà pé ó ṣe é lò lóko ni pé tó bá ti kan ilẹ̀, iyẹ̀pẹ̀ á gbá a mú, amọ̀ á dì í mọ́ra, kòkòrò tín-tìn-tín inú ilẹ̀ á sì máa jẹ ẹ́ díẹ̀díẹ̀ títí yóò fi tán. Iyẹ̀pẹ̀ ni aṣọ́bodè rẹ̀. Ẹ wá sọ fún mi: iyẹ̀pẹ̀ mélòó ló wà lórí íńtálọ́ọ̀kì? Ṣíbí kan láàárín òkúta méjì. Ìyókù, òkúta lásán, tí kì í mu nǹkan kan, tí kì í jẹ nǹkan kan, tó kàn ń dúró de òjò kó wá fọ òun mọ́. Ìdí nìyí tí mo fi sọ pé nínú gbogbo ibi tí èèyàn lè fín oògùn yìí sí, ojúde oníkọnkéré ló burú jù. Àgbẹ̀ tó fín in sóko ẹ̀gẹ́ ní Òkè Ògùn ní ilẹ̀ tó ń bá a gbé e. Àwa ò ní nǹkan kan àfi gọ́tà.

Mo fojú ara mi rí i. Ọmọkùnrin tí ẹgbẹ́ gbà síṣẹ́ dé ní aago méje àárọ̀ ọjọ́ Ìṣẹ́gun, pẹ̀lú páǹpù aláwọ̀ búlúù tó pọ̀n sẹ́yìn. Sílípáàsì ló wọ̀; kò sí ìbọ̀wọ́, kò sí ìbòmú. Ó fi ìdérí gálọ́ọ̀nù wọn oògùn sínú omi, ó wò ó, ó tún wọn ìkejì sí i. Mo bi í léèrè ìdí. Ó ní, "Kó lè mú dáadáa ni, bọ̀ọ̀dá." Ìwé tí wọ́n lẹ̀ mọ́ ara gálọ́ọ̀nù náà sọ iye tó yẹ kó wọ̀n. Ó sọ pẹ̀lú pé kí òjò má ṣe rọ̀ sí i fún wákàtí mẹ́fà. Ṣé a lè bá òjò Èkó ṣàdéhùn nínú oṣù kẹfà? Aago mọ́kànlá kò tíì lù tí ojú ọ̀run fi ṣú. Mo dúró sí fàrándà, mò ń wo omi náà. Ìfófòó funfun tò lọ láàárín òkúta bí ẹni fi ẹfun fa ìlà, ó gba ẹ̀gbẹ́ ṣọ́ọ̀bù aránṣọ kọjá, ó yí po lẹ́nu géètì, ó sì já sínú gọ́tà. Kò gbà tó ogún ìṣẹ́jú. Owó ẹgbẹ́ ló ṣàn lọ yẹn o, mo sì dá sí i.

Ọjọ́bọ̀ tí oòrùn ràn, wọ́n tún un fín. Lọ́tẹ̀ yìí òjò ò rọ̀. Ọ̀pọ̀ èèyàn á ní ó parí. Lójú tèmi, ìgbà yẹn gan-an ló burú jù.

Ìyá alágbo kan wà tó máa ń gba àdúgbò wa kọjá. Àárọ̀ Sátidé ló máa ń yà, tó bá kí mẹ́gáàdì tán, á bẹ̀rẹ̀ lẹ́bàá ògiri, á ká ohun tó bá wù ú sínú ọ̀rá: ètìpọ́nọlá, emi-ilé, gbúre tí kò sẹ́ni tó gbìn ín. Kò sẹ́ni tó ń bá a wí. Ó ń bá wa tún ilẹ̀ ṣe lọ́fẹ̀ẹ́ ni. Sátidé yẹn, orí àtẹ̀gùn ni mo wà tí mo rí i tó ti ká ìdajì ọ̀rá. Mo kígbe, "Ìyá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má ká a! Wọ́n ti fín in!" Ó mú ewé gbúre kan sókè, ó yí i síwá yí i sẹ́yìn nínú oòrùn. Ó ní, "Èyí tó tutù báyìí, ọmọ mi?"

Ó tutù lóòótọ́. Ó ń dán. Bí oògùn yẹn ṣe ń ṣiṣẹ́ nìyẹn. Kì í jó ewé bí iná. Ṣe ló ń gba ara ewé wọlé lọ sí gbòǹgbò, tó ń dí ọ̀nà tí ewéko ń gbà po èròjà tó fi ń dàgbà. Ọ̀sẹ̀ kan sí méjì lè kọjá kó tó pọ́n, kó tó rọ. Láàárín ọjọ́ wọ̀nyẹn, kò sí ojú tó lè mọ ewé tí wọ́n fín yàtọ̀ sí èyí tí wọn ò fín. Ewé náà ti kú, òun fúnra rẹ̀ ni kò tíì gbọ́. Ìyá náà da ohun tó wà nínú ọ̀rá sílẹ̀, ó gbọn ọwọ́, ó bá tirẹ̀ lọ. Kò tún yà mọ́. Ohun tí mi ò lè gbàgbé ni pé ọpẹ́lọpẹ́ pé mo wà lórí àtẹ̀gùn. Ojúde mélòó ni wọ́n ń fín láti ibí dé Mushin, tí kò sẹ́nikẹ́ni lórí àtẹ̀gùn? Ẹ lọ sí ọjà Ojúwòyè, kí ẹ béèrè ibi tí àwọn eléwé ọmọ ti ń rí ewé wọn. Gbogbo rẹ̀ kọ́ ló ń ti oko wá. Ẹ̀gbẹ́ ọgbà, ẹ̀gbẹ́ títì, ibi tí ilẹ̀ bá ṣófo sí láàárín ìlú, wọ́n ń ká níbẹ̀ pẹ̀lú. Pierre Verger, Faransé tó gbé láàárín wa tó di Fátúmbí, tẹ ìwé ńlá kan jáde lọ́dún 1995 lórí ewé àti ìlò rẹ̀ lọ́wọ́ Yorùbá. Ó ju ẹyọ kan lọ nínú àwọn ewé inú ìwé náà tí ẹgbẹ́ wa ń dá owó lọ́dọọdún láti pa.

Ẹ̀yin tí ẹ ń po tiyín nílé, ẹ má tíì rẹ́rìn-ín. Ó kàn yín.

Ẹ̀tàn tó wà nínú oògùn àpòpọ̀ ilé ni pé ilé ìdáná ló ti wá. Ohun tí à ń fi sọ́bẹ̀, báwo ló ṣe fẹ́ ṣe ilẹ̀ níbi? Iyọ̀ ń pa kóóko, mi ò jiyàn. Ṣùgbọ́n iyọ̀ kì í jẹrà, kò sí kòkòrò tó ń jẹ ẹ́ tán. Tó bá ti wọ ilẹ̀, ibẹ̀ ló ń gbé títí òjò yóò fi gbé e lọ síbi tí ẹ ò rán an, bóyá ìdí ìbẹ́pẹ aládùúgbò yín. Ìyẹn ṣì kéré. Irin wà nínú ọ̀pọ̀ kọnkéré yín: sílàbù orí gọ́tà, òpó géètì, ìpìlẹ̀ ògiri. Omi iyọ̀ ń gba inú kọnkéré wọlé bí omi ṣe ń gba inú búrẹ́dì. Tó bá kan irin, irin á dógùn-ún, á wú, á sì la kọnkéré láti inú. Gbogbo ẹni tó kọ́lé sí etí òkun ló mọ ohun tí iyọ̀ inú afẹ́fẹ́ lásán ń ṣe. Ẹ wá ń fọwọ́ ara yín bu iyọ̀ sí ìdí òpó, nínú ìlú tí à ń gbọ́ ìró ilé wíwó lọ́dọọdún, nítorí kóóko tí kò ju ìka lọ!

Fínígà ńkọ́? Èyí tí wọ́n ń tà fún sàláàdì, bí ìdá márùn-ún nínú ọgọ́rùn-ún ni ásíìdì inú rẹ̀. Ó ń jó ewé, ó sì ń wu ojú lọ́jọ́ kìn-ín-ní. Kì í dé gbòǹgbò. Bí iná ò bá tán láṣọ, ẹ̀jẹ̀ kì í tán léèékánná. Bí gbòǹgbò bá ṣì wà, ẹ ó máa ra fínígà títí ni.

Ọ́ìlì dúdú ló ń bí mi nínú jù, nítorí òun ló wọ́pọ̀ jù, òun ni wọ́n sì ń pè ní ọgbọ́n àgbà. Ohun tí ọkọ̀ ti lò tó ti sú u, tí irin tó ń ha ara wọn nínú ẹ́ńjìnnì ti yọ sí, tí iná ti sun títí tó fi di èédú, òun la tún ń fi kẹ́ẹ̀gì gbé wálé pé kó bá wa tún ilé ṣe. Kóóko á kú lóòótọ́. Kò sí ohun tí kò ní kú níbẹ̀. Mo mọ ojúde kan tí wọ́n da á sí lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Ọdún méjì lẹ́yìn náà, tí òjò bá rọ̀, òṣùmàrè ṣì máa ń yọ lójú omi lẹ́nu géètì wọn. Àwọn ọmọ ilé náà rò pé ó rẹwà. Ẹlòmíràn tún ń da omi bátìrì. Ẹni tó bá ń ṣe ìyẹn, ojú ara rẹ̀ ló ń fi ta tẹ́tẹ́, mi ò ní bá a fa ọ̀rọ̀ gùn.

Ó wá ku àwọn tó ń ra tọ́jà, tí wọ́n gbójú lé nọ́ńbà. "NAFDAC fọwọ́ sí i," ẹnu wọn ò kúrò níbẹ̀. Ẹ jẹ́ ká wo Gramoxone. Paraquat ni oògùn inú rẹ̀. Ọdún 1962 ni ó dé ọjà. Ẹ̀kún ẹnu kan ṣoṣo lára rẹ̀ tó èèyàn pa. Kò ní ẹ̀rọ̀. Inú ẹ̀dọ̀fóró ló máa ń gbé parí iṣẹ́ rẹ̀, ó sì lè gba ọ̀pọ̀ ọjọ́ tí ojú aláìsàn dá, tó ń mọ gbogbo ohun tó ń ṣe é. Kóòtù ilẹ̀ Yúróòpù wọ́gi lé e lọ́dún 2007. Nílẹ̀ wa, ó wà lórí igbá, nọ́ńbà ń bẹ lára rẹ̀, títí NAFDAC fi fòfin dè é láti ọjọ́ kìíní oṣù kìíní ọdún 2024. Atrazine tẹ̀ lé e lọ́dún 2025. Mi ò bú àjọ náà. Ó ṣe ohun tó yẹ kó ṣe, bó tilẹ̀ pẹ́. Ohun tí mò ń wí ni pé oògùn tó wà nínú gálọ́ọ̀nù yẹn ò yí padà láàárín òru ọjọ́ kan. Nọ́ńbà ń sọ fún wa pé ìjọba mọ̀ nípa ọjà náà. Kò sọ pé kí a máa dà á sẹ́nu ọ̀nà tí ọmọ ń gbà lọ síléèwé. Àti pé ta ní Èkó ló ń ra odindi gálọ́ọ̀nù? Ọ̀pọ̀ wa, ìdajì la máa ń ní kí wọ́n bá wa dà sínú ìgò ohun mímu, kí owó lè mọ níwọ̀n. Ìgò náà á wálé, kò ní ìwé lára, kò ní orúkọ, á sì dúró sẹ́gbẹ̀ẹ́ ìgò kẹrosíìnì lábẹ́ àga. Gbogbo wa la mọ bí ìtàn irú ìgò bẹ́ẹ̀ ṣe máa ń parí.

Àmọ́ o, kí a má purọ́ mọ́ oògùn. Ní oṣù kẹrin ọdún 2015, èèyàn tó lé ní mẹ́ẹ̀ẹ́dógún kú lójijì ní Òde-Ìrèlé àti àyíká rẹ̀ ní ìpínlẹ̀ Oǹdó. Orí ń fọ́ wọn, ojú wọn ń fọ́. Àjọ Ìlera Àgbáyé kọ́kọ́ fura sí oògùn apakòriko, ìròyìn náà sì gbòde kan. Nígbà tí àyẹ̀wò jáde, ògógóró tí májèlé methanol wọ̀ ni. Oògùn kóóko ò mọwọ́ mẹsẹ̀. Mo sọ èyí nítorí pé ẹni tó bá ní ẹjọ́ gidi lọ́wọ́ kò nílò ẹ̀rí èké. Bẹ́ẹ̀ náà ni ọ̀rọ̀ àrùn jẹjẹrẹ. Lọ́dún 2015, ẹ̀ka Àjọ Ìlera Àgbáyé tó ń wádìí jẹjẹrẹ ní ó ṣeé ṣe kí glyphosate máa fà á. Àjọ àyíká ti Amẹ́ríkà ní rárá. Yúróòpù tún ìwé àṣẹ rẹ̀ ṣe fún ọdún mẹ́wàá lọ́dún 2023. Tógò, tí kò jìnnà sí wa, ti fòfin dè é láti oṣù Kejìlá ọdún 2019. Àwọn onímọ̀ ṣì ń fà á, èmi ò ní dá ẹjọ́ náà fún wọn. Ẹ kàn rántí Dewayne Johnson, tí ìgbìmọ̀ adájọ́ ní San Francisco dá láre lọ́dún 2018. Ọkùnrin náà kì í ṣe àgbẹ̀. Ọgbà iléèwé ló ń tọ́jú, irú iṣẹ́ tí ọmọkùnrin onípáǹpù búlúù tiwa ń ṣe nínú sílípáàsì.

Mo mọ ohun tí wọn yóò sọ. Wọ́n á ní ejò. Ejò wo ló ń fara pamọ́ sínú kóóko tó ga ní ìka méjì lórí íńtálọ́ọ̀kì? Tí ejò bá wà lójúde yín, abẹ́ pákó àti àlòkù táyà tí ẹ kó jọ sẹ́yìn ilé ló ń gbé. Wọ́n á ní ẹ̀fọn. Omi tó dúró nínú gọ́tà tí ẹ ò kó ló ń bí ẹ̀fọn. Wọ́n á ní àgbà ò lè bẹ̀rẹ̀ mọ́, ìyẹn sì jẹ́ òótọ́; èmi náà, ẹ̀yìn ń ro mí. Owó tí ẹ fi ń ra oògùn, tí ẹ tún fi ń san owó ẹni tó ń fín in, ẹ gbé e fún ọ̀dọ́ kan tó lè bẹ̀rẹ̀. Ọ̀dọ́ ò wọ́n wa ní Costain.

Ìdáhùn wọn tó kẹ́yìn ni pé ó ń ṣiṣẹ́. Ó ń ṣiṣẹ́ lóòótọ́, fún oṣù méjì. Lẹ́yìn náà ńkọ́? Àwa rò pé ìsàlẹ̀ ni kóóko ti ń wá, pé ó ń fi orí lu òkúta jáde bí ọ̀tá tó ti sá pamọ́. Òkè ni púpọ̀ nínú rẹ̀ ti ń wá. Yanrìn tí wọ́n kún àárín òkúta lọ́jọ́ tí wọ́n tẹ́ ẹ ti bá òjò lọ. Eruku títì, ewé gbígbẹ, ìdọ̀tí tí a ò gbá, wọ́n rọ́pò yanrìn náà, wọ́n di ilẹ̀ dúdú ọlọ́ràá. Atẹ́gùn gbé irúgbìn wá, ó sọ̀ ọ́ sórí rẹ̀. A fi ọwọ́ ara wa ṣe ebè fún un, a wá ń bínú pé ó hù. Tí oògùn bá pa èyí tó wà níbẹ̀, òkú rẹ̀ á jẹrà sójú kan náà, á sì di oúnjẹ fún èyí tó ń bọ̀. Èyí tó ń bọ̀ náà sì lè máà kú mọ́. Gbági, kóóko tó le bí okùn tí gbogbo wa ti fà títí tí ọwọ́ fi bó, wà lára àwọn tó kọ́kọ́ kọ́ bí wọ́n ṣe ń gbé oògùn yìí mì. Ní Malaysia ni wọ́n ti rí i lọ́dún 1997.

Ẹ ó bi mí pé kí ni ká wá ṣe. Ẹ gbálẹ̀. Mi ò fi ọ̀rọ̀ náà ṣe ẹ̀fẹ̀. Kóóko ò lè rí ilẹ̀ gbé lójúde tí wọ́n ń fi ọwọ̀ gbá dé àárín òkúta lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀. Èyí tó bá ti hù, ẹ fi ọbẹ tí kò mú mọ́ yọ ọ́ tòun ti ìdọ̀tí rẹ̀, lẹ́yìn náà kí ẹ da yanrìn ṣáàpù gbígbẹ sórí íńtálọ́ọ̀kì, kí ẹ máa fi ọwọ̀ gbá a wọ àárín òkúta títí yóò fi kún. Ibi tí ọbẹ ò bá dé, ẹ da omi gbígbóná sí i. A ò nílò àtigbé omi kaná lọ́tọ̀. Kò sí ilé tí wọn kì í ti í bọ ìrẹsì ní Èkó, ojoojúmọ́ la sì ń da omi rẹ̀ nù sínú ṣínkì nígbà tó ṣì ń hó. Ìyá onírẹsì tó wà lẹ́nu géètì wa, ìkòkò rẹ̀ tó bíi ti ọlọ́dún. Mo bẹ̀ ẹ́ pé kó máa da omi ẹ̀ sí ìlà kan láàárín òkúta níwájú ṣọ́ọ̀bù rẹ̀, láàárọ̀ kí àwọn ọmọ tó jáde. Ọjọ́ mẹ́ta ló dà á. Kóóko ìlà yẹn rọ bí ẹ̀fọ́ inú ìkòkò. Ọ̀kan tún yọjú lọ́sẹ̀ kejì, ó tún da omi lé e lórí. Ìyá náà rẹ́rìn-ín, ó ní, "Ṣé òun ni wọ́n ń torí ẹ̀ dáwó?"

Ẹni tó bá rò pé àbá ìyá onírẹsì kéré, kó wo ohun tí àwọn ìlú tó rí owó oògùn rà ń ṣe. Ní Netherlands, ní oṣù kẹta ọdún 2016, òfin ká òṣìṣẹ́ lọ́wọ́ kò láti fín oògùn apakòriko sórí ọ̀nà tí wọ́n fi òkúta tẹ́, nítorí pé inú odò tí wọ́n ti ń pọn omi mímu ló ń ṣàn lọ. Faransé fòfin dè é fún ìjọba ìbílẹ̀ lọ́dún 2017, ó sì kan onílé lọ́dún 2019. Omi gbígbóná àti bùrọ́ọ̀ṣì ni ọ̀pọ̀ nínú wọn ń lò báyìí, pẹ̀lú ẹ̀rọ tó ń náni lówó. Omi ìrẹsì ni, àfi pé tiwọn ò ní ìrẹsì nínú.

Ọ̀rọ̀ ilẹ̀ gbígbá yìí mú mi rántí ìmọ́tótó àyíká ọjọ́ Sátidé tó ń kẹ́yìn oṣù, tí wọ́n gbé kọ́ wa lọ́rùn láyé ológun. A kórìíra rẹ̀. Kò séyìí tó lè jáde títí aago mẹ́wàá, sójà sì wà nígboro. Nígbà tí Èkó fagi lé ìsémọ́lé yẹn ní ìparí ọdún 2016, èmi náà pàtẹ́wọ́. Ṣùgbọ́n bí ilé kọ̀ọ̀kan ṣe máa ń tò síta pẹ̀lú ọwọ̀ àti ọkọ́, tí à ń bára wa sọ̀rọ̀ láti ojúde dé ojúde, ìyẹn náà bá a lọ. Nǹkan kan ló ní láti rọ́pò rẹ̀. Gálọ́ọ̀nù ló rọ́pò rẹ̀.

Alága wa, mo mọ̀ pé ẹ ó ka èyí. Ìpàdé tó ń bọ̀, ẹ jọ̀ọ́, ẹ fún kóóko ní ìṣẹ́jú mẹ́wàá tí ẹ fún owó mẹ́gáàdì. Mi ò ní dá owó kẹ́míkà mọ́. Màá dá ti yanrìn ṣáàpù, màá sì dá a ní ìlọ́po méjì. Ọ̀rọ̀ kan ṣì kù nílẹ̀ tí mo fẹ́ kí gbogbo ilé bá mi dá sí: ìdajì gálọ́ọ̀nù tó ṣẹ́ kù nínú èyí tí a rà wà lábẹ́ àtẹ̀gùn ilé mi. Mi ò lè dà á sí ṣínkì, mi ò lè dà á sí gọ́tà, mi ò sì lè gbé e fún àwọn tó ń kó ilẹ̀. Ẹni tó bá mọ ibi tí wọ́n ń dà á sí ní Costain, kó wá sọ fún mi.